Bí Morádéyọ̀ Ṣe Fi Dó-Ré-Mí Gba Oyè

Bí ènìyàn bá pàdé Morádéyọ̀ Akínwálé láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ láàárín ìlú Johannesburg, tó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, tó ń sáré kọjá kí robot, iná ojú pópó, tó di pupa, onítọ̀hún kò ní rò ju pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ ṣe ìṣirò ni. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ pé ó ń kùn bó ti ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti orin náà á sì máa bára wọn mu. Nígbà mìíràn á ṣàdédé dúró láàárín ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa fi ìbínú yà fún un. Orin ló ń mú un bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, abilékọ, ìyá ọlọ́mọ, ló tún lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì láti gboyè másítà nínú orin.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní àdúgbò Berea fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Gbọ̀ngàn àyágbé kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń jọ́sìn, Morádéyọ̀ ló sì ń darí akọrin wọn. Dékìn Gbọ́lá, ẹni tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní tirẹ̀ í sọ sí, dá a dúró lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan.

“Ìyá Akọrin, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an? Ṣebí ẹnu la fi ń kọrin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹsẹ̀ náà la fi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń kọ́ ọ.”

Dékìn rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orin yìí kò ṣẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá náà ní Iléṣà, òun ló sì ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Sólùfà ló fi ń kọ́ wọn: dó, ré, mí, fá, só, lá, tí. Kò sí dùùrù nílé, kò sí ìwé orin olówó ńlá. Lẹ́tà ló máa fi ń kọ ohùn orin sójú pátákó dúdú, d fún dó, m fún mí, á wá fi àmì tóótòòtó sáàárín wọn láti fi hàn bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó. Bí kò bá sí pátákó nítòsí, ọwọ́ lásán ló fi ń júwe. Ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́ níwájú ìdodo ni dó, àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sí àyà ni só, ìka tó nà sókè ni tí. Bí orin bá ti ń gòkè ni ọwọ́ náà ń gòkè. Kí Morádéyọ̀ tó mọ A B D tán ló ti lè wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ kí ó sì kọ orin tí kò gbọ́ rí láyé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, olùkọ́ tẹ orin kúkúrú kan lórí dùùrù, ó ní kí kálukú kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Morádéyọ̀ ti kọ tirẹ̀ parí kí dùùrù tó dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì í ṣì ń fa ìlà márùn-ún, ó ń to àwọn àmì dúdú olórí rogodo sórí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìwé orin òyìnbó. Ó yọjú wo ìwé Morádéyọ̀, ó rí d, ó rí m, ó rí s, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Eish, Ma, that one is for Sunday School!”

Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà, bóyá kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ojú ti Morádéyọ̀ débi pé ó fi ọwọ́ bo ìwé náà. Ẹ wo àgbàlagbà obìnrin tí kò bẹ̀rù ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí ẹ̀rín ọmọ ẹlẹ́ran ara kan sọ di ojo! Ọjọ́ náà ló pinnu pé ẹnikẹ́ni kò tún ní rí sólùfà lọ́wọ́ òun nínú ọgbà yẹn. Ó kọ́ orin orí ìlà, ó sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ èdè tí kò fi lá àlá rí ló ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun tó wá ń ṣe nìyí. Bó bá ń se ọbẹ̀, tí orin bá sọ sí i lọ́kàn, á gba kálámù tí Tẹjú ọmọ rẹ̀ fi ń kọ̀wé sójú pátákó, á sì kọ sólùfà náà sára ilẹ̀kùn fíríìjì wọn funfun: sòpúránò lókè, álítò tẹ̀lé e, tẹ́nọ̀ tẹ̀lé e, báàsì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ọmọdé máa ń fẹsẹ̀ gbá. Bó bá kọ ọ́ tó kọrin rẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, á sọ gbogbo rẹ̀ di àmì orí ìlà. Lẹ́yìn náà ni á fi aṣọ tútù nu fíríìjì náà mọ́ tónítóní.

“Mummy, why are you cleaning it? It was nice,” ni Tẹjú máa ń wí.

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, lọ kó àwo wá.”

Iṣẹ́ tó máa fi gboyè náà pín sí méjì. Ọ̀kan ni orin tuntun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá fún akọrin, tí wọ́n máa kọ níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Èkejì ni ìwé ìwádìí tó máa ṣàlàyé bí orin náà ṣe di orin. Orin náà kò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló fi sí i, ọ̀rọ̀ tó sọ sí i lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó ń wo àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti ọ̀nà jíjìn dé, tí wọ́n ń wò yí ká bí ẹni tí kò mọ ibi tí òun máa sùn:

Ẹni tó rìn dé, ẹ kí i kú ìrìn;
Ẹni tó kù lẹ́yìn, ẹ ṣílẹ̀kùn dè é.

Ìwé ìwádìí ló ní kọ́nú-n-kọ́họ. Ní orí kẹta, níbi tó ti yẹ kó sọ bó ṣe ń ṣẹ̀dá orin, ó kọ ọ́ pé ìdí dùùrù ni òun máa ń jókòó sí. Dùùrù wo? Nínú ilé tí àga mẹ́rin kò ti rí ibi dúró sí! Alábòójútó rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Naudé, òyìnbó Afrikaner kan, obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tí kì í fi ìyìn ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ka orí kẹta náà, ó gbé e sílẹ̀.

“Morádéyọ̀, mo gbọ́ orin rẹ, mo rí ènìyàn nínú rẹ̀. Mo ka orí yìí, mi ò rí ẹnì kankan. Báwo lo ṣe ń ṣe orin yìí gan-an?”

“Bí mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni, Prof.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí, ó sì dá ìwé náà padà fún un.

Ọdún 2016 ló yẹ kó parí gbogbo rẹ̀, ọdún náà gan-an sì ni àsìkò tí wọ́n fún un pin. Bí wọn kò bá kọ orin náà níwájú àwọn olùyẹ̀wò lọ́jọ́ tí wọ́n dá nínú oṣù kọkànlá, oyè lọ nìyẹn, gbogbo làálàá rẹ̀ di àṣedànù. Akọrin yunifásítì ti gbà láti bá a kọ ọ́, wọ́n tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì. Àfi bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fárígá lórí owó ilé ẹ̀kọ́, tí ìlú gbóná, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọgbà pa. Àwọn akọrin tú ká. Àwọn kan gba ilé wọn lọ ní Limpopo, àwọn mìíràn wà lójú títì pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn. Morádéyọ̀ kò bú wọn, ohun tí wọ́n ń jà fún yé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò kò ṣe é sún, nítorí ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò ń ti òkè òkun bọ̀. Akọrin tirẹ̀ ní Berea kò sì ju èèyàn méje lọ, ìdajì wọn ló máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Omi tán lẹ́yìn ẹja.

Thandeka ló rí i níbi tó ti ń sunkún sínú tíì ní ilé iṣẹ́. Ọmọ Soweto lẹ́bàá ìlú ni Thandeka, tábìlì òun àti Morádéyọ̀ ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

“Kí ló dé, sisi? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Orin mi ni.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Thandeka fi ọwọ́ nu omijé rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọdé.

“Ìwọ náà! Mo ń kọ álítò nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní Orlando, ní Soweto, láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́, ogójì ni wá. Wá bá wa ní Sátidé, kí Bàbá Mokoena, olùdarí wa, gbọ́ ọ. Shap? Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Fúnṣọ́ ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láàárín ìlú, yọ ìgò ojú rẹ̀ kúrò.

“Ìyá Tẹjú, Soweto kẹ̀? Ṣé o ti gbàgbé àwọn ṣọ́ọ̀bù àlejò tí wọ́n kó lẹ́rù níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?”

“Mi ò gbàgbé, Bàbá Tẹjú. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ bí mi ò bá lọ, ó ti tán.”

Fúnṣọ́ wọ ìgò ojú rẹ̀ padà. Nígbà tó di Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé páàkì táksì tó ń lọ sí Soweto, kò sì kúrò níbẹ̀ títí táksì náà fi kún tó gbéra.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni àwọn akọrin náà ti ń pàdé, gbọ̀ngàn gígùn tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, tí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sì ń dán. Bàbá Mokoena tó ń darí wọn jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni gíga tínínrín tó wọ kóòtù, tó de táì lọ́sàn-án gangan. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún táì rẹ̀ ṣe. Wọ́n pín ìwé orin náà yí ká. Kálukú gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún wo Bàbá Mokoena.

“Ọmọ mi,” ni bàbá náà wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó tutù, “ìwé yìí lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka orin níbí kọ́ nìyí. Àwa, sólùfà là ń kà.”

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn yìí á ti rò pé ó fò sókè. Kò fò rárá. Ìtìjú ọjọ́ kìíní ṣì dì í lẹ́nu mú. Àwọn ogójì ènìyàn ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé láti yunifásítì, òun náà sì fẹ́ jẹ́ ọ̀mọ̀wé lójú wọn. Ó ní bóyá kí òun máa kọ ọ́ kí wọ́n máa gbà á lẹ́nu òun.

“Ohùn mẹ́rin? Orin tó gùn tó yìí?” Bàbá Mokoena mi orí. “Kérésìmesì á bá wa lẹ́nu rẹ̀.”

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Morádéyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́, omi ti lé sí i lójú.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn yẹn kì í jẹ́ kí àlejò lọ láì kọrin fún un. Wọ́n ní kó jókòó. Orin tuntun kan wà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo orin, orúkọ ohùn kí ọ̀rọ̀ tó dé: dó, dó, mí, só. Nígbà tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ru sókè nínú gbọ̀ngàn náà, orí Morádéyọ̀ wú. Kò mọ ìgbà tó dìde. Àwọn álítò dé ibì kan tó yẹ kí fá gbé ara sókè díẹ̀, wọ́n ṣì í. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún ṣì í. Ọwọ́ Morádéyọ̀ ti lọ sókè kí ó tó ronú, ó fi júwe ohùn náà, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó sì ń fi ẹnu kọ ọ́. Àwọn álítò wo ọwọ́ yẹn, wọ́n gbà á, orin náà kọjá bí omi.

Bàbá Mokoena dá wọn dúró. Ó yíjú sí Morádéyọ̀.

“Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Níbo?”

“Ní Iléṣà. Ní Nigeria, lọ́dọ̀ wa.”

“Ẹ̀yin náà ń kà á lọ́hùn-ún?”

“Òun la fi tọ́ mi dàgbà.”

Bàbá náà gba ọ̀kan nínú ìwé orin náà, ó nà án sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

“Kí ló wá dé tí o kó àwọn èèrà orí ìlà yìí wá fún wa?”

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀ pọ̀. Morádéyọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, Thandeka sì dì mọ́ ọn. Ó ṣe é ní kàyéfì pé ohun tí òun ti ń fi aṣọ nù kúrò lójú ayé ni àwọn wọ̀nyí ti ń wá lọ́wọ́ òun.

Kò sí ẹ̀dà sólùfà kankan nílẹ̀ mọ́, nítorí náà ó tún gbogbo orin náà kọ ní sólùfà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pẹ́ ẹ bó ṣe rò. Ohun tó gbà á ní oṣù mélòó kan láti fi tò sórí ìlà ń ṣàn jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní sólùfà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ilé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́.

Ẹni tó kù láti bá sọ̀rọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Naudé. Ọgbà ṣì wà ní títì, wọ́n pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Morádéyọ̀ kò fi epo bọyọ̀. Ó ní irọ́ ni orí kẹta, òun kò ní dùùrù, ara fíríìjì ni òun ti ń kọ orin, sólùfà sì ni òun fi ń kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ọdún méjì! Ọdún méjì ni mo fi bi ọ́! Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń rò ó pé bóyá ẹlòmíràn ló ń bá ọ kọ orin yìí?”

Morádéyọ̀ kò rò ó rí pé ohun tí òun fi ń bo ìtìjú lè sọ òun di olè lójú ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, Prof.”

“Mo bínú. Lọ tún orí kẹta kọ. Kọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an. Fíríìjì àti gbogbo ẹ̀.” Ó gbé ife rẹ̀ padà, ó mu ún. “Olùyẹ̀wò tó ń ti òkè òkun bọ̀ yẹn kì í rẹ́rìn-ín. Má ṣe jẹ́ kí ó rí ohun tí o tún fi pamọ́.”

Ní Orlando, iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n mọ ohùn kíákíá, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń fún wọn níṣẹ́. Wọ́n ní kí Morádéyọ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, Thandeka sì ń gbé e sí èdè isiZulu fún àwọn àgbà. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ní kí a ṣílẹ̀kùn de ẹni tó kù lẹ́yìn, ìyá kan láàárín àwọn sòpúránò sọ̀rọ̀ láì wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù ọmọ Ethiopia tó wà lójúlé kejì sí wa, ó kan ilẹ̀kùn mi. Mi ò ṣí i.”

Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́jọ́, kò sẹ́ni tó tù ú nínú. Bàbá Mokoena fún wọn ní dó, wọ́n tún ibẹ̀ kọ, ohùn tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Morádéyọ̀ kò tún kọ́ wọn ní ibẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Yunifásítì ti gbà pé kí wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn Orlando náà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: gbọ̀ngàn yunifásítì ì bá rí ogún èèyàn péré tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, ti Orlando kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò wá, wọ́n gbé ọmọ wọn dání. Àwọn ará Berea gba táksì méjì, Dékìn Gbọ́lá ló ṣáájú wọn. Fúnṣọ́ àti Tẹjú wà ní ìjókòó iwájú. Àwọn olùyẹ̀wò méjì jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Naudé, ọ̀kan nínú wọn sì ni ará òkè òkun tí kì í rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Apá kìíní orin náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní apá kejì ni yìnyín dé. Ẹni tó bá ń gbé Johannesburg mọ òjò oṣù kọkànlá. Oòrùn á ràn títí di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á ṣàdédé dúdú, yìnyín á sì máa já bọ́ bí ẹni ń da òkúta. Páànù gbọ̀ngàn náà gba gbogbo rẹ̀ sórí. Ariwo náà pọ̀ débi pé Morádéyọ̀ kò gbọ́ ẹyọ ohùn kan mọ́. Ó rí ogójì ẹnu tó ń là tó ń pa dé, kò sì sí orin. Ó rí i lójú wọn pé wọn kò gbọ́ ara wọn. Tẹ́nọ̀ kan ti ń wo báàsì lójú, ìyá kan ti panu dé. Olùyẹ̀wò gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, a jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wó sójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá sì ń lọ báyìí, kálukú á wà ní ibi tirẹ̀ nígbà tí yìnyín bá máa dá, ohun tí etí á wá gbọ́ á burú ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ.

Orí ṣe é ní re pé ibi tí gbogbo ohùn ti pàdé ni wọ́n wà, tí tọkùnrin tobìnrin ti ń kọ ohùn kan ṣoṣo. Morádéyọ̀ jáwọ́ nínú lílu àsìkò. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e síwájú ìdodo. Dó. Ó na ọwọ́ pẹrẹsẹ, mí. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí àyà, ó gbé e ga, só. Ojú ogójì ènìyàn lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yẹn. Ẹni tó ti panu dé tún ẹnu là. Bí ọwọ́ bá gòkè, àyà wọn á gòkè, bó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tẹ̀lé e, lá, só, fá, mí, láàárín ariwo tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ọ̀fun ara rẹ̀ ń sọ.

Yìnyín dá lójijì bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Orin náà sì wà níbẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo, ó gún régé, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀, ó ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹni tó kù lẹ́yìn, ẹ ṣílẹ̀kùn dè é. Lẹ́yìn náà ni ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà, kálukú gba ipò rẹ̀. “Jésù Kristi!” ni Dékìn Gbọ́lá ké láti ẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ kó jókòó. Àwọn ìyá Orlando hó ìhó ayọ̀, Bàbá Mokoena sì yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu ojú rẹ̀ láì tijú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí apá kẹta parí, kò sí ẹni tó wà lórí ìjókòó mọ́.

Yàrá kékeré ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ṣe ìdánwò ẹnu. Olùyẹ̀wò tí kì í rẹ́rìn-ín náà kò bèèrè ohunkóhun tí Morádéyọ̀ ti kà sílẹ̀ dè é.

“Kí lẹ fi ọwọ́ yín ṣe nígbà tí yìnyín ń rọ̀?”

“Sólùfà ni, sà,” ni Morádéyọ̀ wí, ó sì gbé orí sókè. “Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin nílé wa nìyẹn. Òun ni mo fi ń ro orin. Òun ni mo fi kọ gbogbo èyí tí ẹ gbọ́, gbogbo rẹ̀ sì wà ní orí kẹta.”

Ọkùnrin náà ní kó tún fi han òun. Ó fi hàn án láti dó dé dó, ọkùnrin náà sì ń fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀lé e lórí tábìlì. Nígbà tó dé orí tí, ó ṣì í, Morádéyọ̀ bá a tún ìka rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kó bọ́ síta díẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Naudé fi pè é padà. Orin àti ìwé yege, pẹ̀lú ìyìn tó ga jù lọ tí wọ́n ní í fún ni. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ó ṣe: nínú ìwé tí wọ́n máa kó sí ilé ìkàwé yunifásítì, kí sólùfà náà ṣáájú, kí ti orí ìlà máa tẹ̀ lé e.

“Ẹ kú oríire, Màdámù,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì fa Morádéyọ̀ mọ́ra, ohun tí kò ṣe fún un rí.

Ó padà wọ gbọ̀ngàn láti sọ ọ́. Kò sí ohun tó kù láti sọ. Thandeka ti rí ojú rẹ̀, ó ti figbe ta, Fúnṣọ́ ti gbé Tẹjú sókè, Berea àti Orlando ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ di bí o kò lọ yà mí. Bàbá Mokoena kò bá wọn pariwo. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó fún àwọn akọrin rẹ̀ ní dó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fún olùyẹ̀wò kankan.

Morádéyọ̀ sáré síwájú wọn, ó gbọ́wọ́ sókè láti darí. Bàbá náà mú ọwọ́ náà, ó rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀.

“Ìwọ kò tíì gbọ́ ọ láti inú rẹ̀ rí. Lọ dúró láàárín àwọn álítò.”

Ó lọ. Àwọn álítò ṣí àyè sílẹ̀ fún un, Thandeka na ìwé rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ dì í mú, ó sì kọ orin tirẹ̀ pẹ̀lú wọn.